Mùdá Tó Ń Sọ Fíìmù Ọkọ̀ Òfuurufú fún Wa ní Tafo

Orí ọmọkùnrin kan ni mo ń gẹ̀ lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Tafo, nílẹ̀ Ghánà, lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì kan, nígbà tí ohùn kan jáde láti inú fóònù rẹ̀. Ohùn náà ń hu wùùù, bí ẹ̀rọ ìlọta tí iná fẹ́ẹ́ kú mọ́ lójú, ó wá sọ gbì lẹ́ẹ̀mejì. Mo dá kílípà dúró. Mo mọ ohùn yẹn.

Ọmọ náà fọwọ́ kan ọrùn. "Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ ti gé mi lára ni?"

"Rárá o. Kí lò ń wò yẹn?"

"Fíìmù tuntun ni. Ọkọ̀ kan ni, àárín ìràwọ̀ ló ń rìn. Ó dùn paa!"

Mo ní kì í ṣe tuntun, mo ti wo ọkọ̀ yẹn kí wọ́n tó bí i. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní lóòótọ́, ti àtijọ́ wà, bàbá òun náà máa ń dárúkọ ẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti tún gbogbo rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti pààrọ̀ àwọn òṣèré, wọ́n ti yí ìtàn padà, kí àwọn tí ò bá ti àtijọ́ lè rí tiwọn wò.

Ọ̀rọ̀ náà dà mí láàmú. Ìtàn tó ti parí, báwo ni èèyàn ṣe ń tún un bẹ̀rẹ̀? Bí ẹni tó kú nínú ẹ̀ bá tún wà láyé, ẹkún tí a sun nígbà yẹn ńkọ́, ta la sun ún fún? Mo gẹ irun náà tán, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ga ju ẹ̀gbẹ́ òsì lọ. Ọmọ ọlọ́mọ wo dígí, ó wò mí, ó sì dúpẹ́. Kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Mùdá ọ̀rẹ́ mi ìgbà èwe ló gbà mí lọ́kàn, àti ohun tí mo fi ojú rẹ̀ rí.

Ẹ̀yin àbúrò mi, mi ò kàwé púpọ̀, mi ò sì tíì dàgbà tó ẹni tó ń pìtàn. Ṣùgbọ́n Tafo tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹ ò bá a.

Agbo ilé wa jẹ́ yàrá méjìlá tó yí àgbàlá kan ká. Onílé, ará Asante kan, wà níwájú pẹ̀lú ìdílé rẹ̀. Àwa yòókù jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́, tí púpọ̀ nínú wa ò sì mọ ọ̀nà ibẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, a ti gbọ́ èdè mẹ́ta: Yorùbá nínú yàrá, Twi nídìí ẹ̀rọ omi, Hausa lọ́dọ̀ ìyá tó ń ta kókó, ìyẹn ògì gbígbóná. Òyìnbó nìkan ni kò rí yàrá gbà nínú ilé yẹn.

Ilé sinimá wà lẹ́yìnkùlé wa. Ilé pákó ni, páànù ni wọ́n fi bò ó, wọ́n sì fi aṣọ dúdú dí ojú fèrèsé. Tẹlifíṣọ̀n kan ló wà nínú ẹ̀, orí tábìlì gíga kan ni wọ́n gbé e lé, bí ẹni tó fẹ́ wàásù. Bó o bá wọlé, òórùn pákó, òógùn àti ẹ̀pà sísun ni yóò kí ọ. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ló ń wo bọ́ọ̀lù níbẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun Aláàsárì, àwọn ìyá ló ni ín. Ọjà ò kún lọ́jọ́ Àìkú, wọn a ti fọṣọ, wọn a ti wẹ̀. Wọn a gbé àpótí ìjókòó wọn wọlé níkọ̀ọ̀kan. Bàbá onísinimá, ará Ọ̀yọ́, ò lè sọ pé rárá fún wọn, nítorí ìyá tirẹ̀ wà láàárín wọn.

Fíìmù ọkọ̀ òfuurufú yẹn ni wọ́n fẹ́ràn jù. Apá mẹ́rin ló ní. Ṣùgbọ́n apá kẹta ni onísinimá kọ́kọ́ rí rà lọ́jà Asafo, lẹ́yìn ìyẹn ló rí apá kìíní, apá kẹrin tẹ̀ lé e, apá kejì ò sì débi tiwa rí títí dòní. Akíkanjú inú ẹ̀, ọkùnrin apárí kan tí ọwọ́ rẹ̀ kan jẹ́ irin, kú lọ́sẹ̀ kìíní tí a rí i. Lọ́sẹ̀ kejì, ó tún dé, ó ń jẹun.

Níbẹ̀ ni Mùdá ti bẹ̀rẹ̀. Mùdáṣírù lorúkọ rẹ̀, ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ tó jẹ́ awakọ̀ ló ń gbé nínú agbo ilé wa. Ó fi ọdún méjì jù mí lọ. Kò lọ ilé ìwé mìíràn ju ilé kéú lọ. Ara rẹ̀ kéré, ohùn rẹ̀ ńlá. Lọ́jọ́ tí apárí náà jí dìde yẹn, Àlájà Sìkírá, tó ń ta abọ́ tánganran ní Asafo, pariwo pé, "Ṣebí ọkùnrin yìí ti kú! Ta ló gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí?" Ni Mùdá bá bọ́ síwájú, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ó ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ fara balẹ̀. Ìgbà tó ṣì wà láyé là ń wò yìí. Làmídì lorúkọ rẹ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni."

Báyìí ni ó ṣe di iṣẹ́ rẹ̀. Bí Mùdá ṣe sọ ọ́, Làmídì ti pẹ́ nínú ìlú kan láàárín ìràwọ̀, ó ní ìsọ̀ níbẹ̀, ó ti bímọ níbẹ̀, ó ń sọ èdè wọn. Ọba mìíràn wá jẹ, ọba náà ní kí gbogbo àlejò kẹ́rù wọn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ọkùnrin onírin tó ń rìn káàkiri nínú fíìmù náà, sójà ni wọ́n, wọ́n ń kan ilẹ̀kùn kiri. Ọkọ̀ òfuurufú yẹn wá di ọkọ̀ ẹrù tó ń kó èèyàn lọ, ẹni tí kò bá tètè wọlé, wọ́n á fi í sílẹ̀.

Nígbà náà, mi ò mọ ibi tó ti rí i. Ìyá mi ló là mí lójú. Ó ní nígbà tí òun ṣì wà lọ́mọ ọwọ́, ìjọba lé àwọn àlejò ní Ghánà, ọ̀sẹ̀ méjì náà ni wọ́n fún wọn. Ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé ni Àlájà Sìkírá nígbà yẹn. Ó ti ìsọ̀ rẹ̀ ní Asafo pa pẹ̀lú gbogbo abọ́ inú ẹ̀, ó mú kọ́kọ́rọ́ dání dé Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tó padà wá lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ilẹ̀kùn mìíràn ló bá níbẹ̀.

Àlájà kì í sọ ọ́ nílé. Nínú sinimá nìkan ni ẹnu rẹ̀ ti ń là. "Làmídì, má fi abọ́ sílẹ̀! Kó o dání, wallahi, wọn ò ní dá a padà!" Ìyá onísinimá á ní, "Ọkọ̀ ti kún, jẹ́ ó lọ." Àlájà á ní, "Ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́sí, kí lo rí gbà?" Wọn a rẹ́rìn-ín, wọn a fi ìdí gèlè nu ojú. Àwa ọmọdé ń jẹ ẹ̀pà, a rò pé fíìmù ló ń pa wọ́n lẹ́kún. Mùdá yóò dákẹ́ díẹ̀ kí wọ́n lè sọ tẹnu wọn, kó tó máa bá ìtàn lọ. Ta ló kọ́ ọ pé kó máa dákẹ́ níbẹ̀? Mi ò mọ̀.

Nígbà tó yá, mo wọ JSS. Olùkọ́ tó ń kọ́ wa ní èdè Òyìnbó fi ọwọ́ gbá mi léjìká lọ́jọ́ kan níwájú kíláàsì, ó ní mo ń gbìyànjú, ọjọ́ yẹn ni orí mi wú. Mo dé ilé, kò sẹ́ni tó bi mí léèrè. Mùdá ni wọ́n ń fi wáákyé, ìrẹsì ẹlẹ́wà, ránṣẹ́ sí, Mùdá ni ìyá mi ń bu ẹran tó nípọn fún. Ìlara ni, mi ò ní fi orúkọ mìíràn pè é.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, ilé pákó náà kún fọ́fọ́. Wọ́n ń wo apá kẹta, ibi tí ọkọ̀ ti ń gbéra. Ìwé kan jáde lójú tẹlifíṣọ̀n, ìlà mẹ́ta tàbí mẹ́rin ní Òyìnbó. Mùdá ń sọ pé lẹ́tà tí Làmídì kọ sílé nìyẹn, Àlájà sì ń mi orí. Mo bá dìde.

"Irọ́ ló ń pa fún yín! Kò sẹ́ni tó lé wọn. Wúrà ni wọ́n ń wá lọ. Ẹ ní kó ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ yẹn!"

Mùdá yíjú sí ìwé náà. Ó wò ó. Gbogbo wa ń wo ẹ̀yìn orí rẹ̀. Ìwé náà parẹ́, àwòrán mìíràn dé, fíìmù ń pariwo tirẹ̀ lọ, kò sẹ́ni tó sọ ohun tó ń wí fún ẹnikẹ́ni mọ́. Mo rò pé wọn yóò yìn mí. Àlájà ló kọ́kọ́ dìde. Ó gbé àpótí rẹ̀, kò wo Mùdá, kò wo èmi náà.

"Ó tó. Ẹ jẹ́ ká lọ dáná."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Mùdá bá mi nídìí ẹ̀rọ omi. Kò bínú. Ì bá bínú, à bá jà, ó lè tán níbẹ̀. Ó ní, "Tíṣà, kí ni wọ́n kọ síbẹ̀ gan-an? Sọ fún mi. Bí mo bá mọ̀ ọ́n, màá sọ ọ́ bó ṣe yẹ."

Mo ní, "Lọ sílé ìwé."

Ó mi orí bí ẹni pé ìmọ̀ràn gidi ni mo fún un. Àwọn ìyá ò wá sí sinimá mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Kò sì pẹ́ tí àbúrò ìyá rẹ̀ fi kó lọ sí ìlú Techiman, ó mú un dání. Mi ò jáde lọ kí wọn lọ́jọ́ tí wọ́n ń kẹ́rù.

Nísinsìnyí, mo sọ fún ìyá mi pé wọ́n ti tún fíìmù náà ṣe. Kò tó wákàtí kan tí Àlájà Sìkírá fi ránṣẹ́ pè mí. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún dáadáa, kì í lọ Asafo mọ́, ọmọ rẹ̀ ló ń ta abọ́.

"Wọ́n ní Làmídì ti padà dé?"

Mo gba fíìmù náà lọ́wọ́ ọmọ tí mo gẹ̀ lórí, mo gbé tẹlifíṣọ̀n ṣọ́ọ̀bù mi wá sí àgbàlá lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun Aláàsárì. Nínú àwọn ìyá ọjọ́sí, mẹ́ta ló kù: Àlájà, ìyá mi àti ìyá onísinimá tí ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́. Àwọn ọmọ-ọmọ jókòó sílẹ̀, Twi ni wọ́n ń sọ. Wọ́n ní kí èmi máa túmọ̀, ṣebí èmi ni mo gbọ́ Òyìnbó.

Mo pinnu pé òtítọ́ ni màá sọ lọ́tẹ̀ yìí, kò ní ku ẹyọ kan. Mo ní, "Obìnrin yìí ni ọ̀gá ọkọ̀. Ó ń bá onírin sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rọ tó bàjẹ́."

"Làmídì dà?" Àlájà bèèrè.

"Obìnrin yìí ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀."

"Ṣé ó kú ni?"

"Kò kú, Àlájà. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Nínú èyí, kò sí Làmídì rí."

"Kò sí rí?" Ó yíjú sí mi pátápátá. "Èmi tí mo sunkún rẹ̀ ńkọ́?"

Mo tún gbìyànjú, mo ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ àti epo àti ìràwọ̀, gbogbo rẹ̀ sì pé, gbogbo rẹ̀ sì gbẹ bí gààrí tí kò rí omi. Ìyá onísinimá ti ń tòògbé. Àlájà na ọwọ́ sí mi. "Pe Mùdá fún mi."

Ó ti pẹ́ tí mo ti ní nọ́ńbà rẹ̀. Mi ò pè é rí. Mo tẹ̀ ẹ́ níwájú gbogbo wọn. Ariwo ibùdókọ̀ ló kọ́kọ́ wọlé, àwọn tó ń pe èrò, fèrè ọkọ̀.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni. Ti Tafo."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Tíṣà! Chale, ọ̀rẹ́ mi, mò ń kó èrò lọ́wọ́. Kí ló dé?"

Kí n tó rí ọ̀rọ̀ sọ, Àlájà ti gba fóònù. "Mùdáṣírù, wọ́n ní Làmídì ò sí rí."

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Àlájà! Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ọ̀rẹ́ ẹ ni."

"Ẹ fi fóònù sí ohùn gbangba, ẹ gbé e sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n." Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Tíṣà, kí lò ń rí?"

"Obìnrin kan dúró nínú ọkọ̀. Ó ń wo ìta."

"Ṣé ó ti dàgbà?"

"Ọ̀dọ́ ni. Ó di irun."

"Ó dáa." Mo gbọ́ tó ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀, ariwo ibùdókọ̀ wálẹ̀. Ohùn tó jáde lẹ́yìn náà ti nípọn sí i, ṣùgbọ́n òun náà ni. "Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ má dá ọ̀rẹ́ mi lóhùn. Làmídì wà. Ọmọ rẹ̀ lẹ̀ ń wò yìí. Orí ìrìn ni wọ́n bí i sí, inú ọkọ̀ yẹn náà, lọ́jọ́ tí wọ́n lé wọn. Abíọ́nà lorúkọ rẹ̀."

"Mo mọ̀!" Àlájà pàtẹ́wọ́. "Ẹ wo iwájú orí rẹ̀! Bàbá rẹ̀ gẹ́lẹ́!"

Ìyá onísinimá jí. Àwọn ọmọ ń béèrè ní Twi pé kí ló ṣẹlẹ̀, ìyá mi bá bẹ̀rẹ̀ sí yí ọ̀rọ̀ Mùdá sí Twi fún wọn. Èmi di ojú, Mùdá di ẹnu. Mo ní ọkọ̀ ń balẹ̀ sí ìlú kan; ó ní Abíọ́nà padà wá wo ibi ìsọ̀ bàbá rẹ̀. Mo ní iná ń ṣẹ́jú. Ó ní wọn ò mọ̀ ọ́n níbẹ̀, ó ń dárúkọ bàbá rẹ̀ fún wọn. Ó wá kan ibì kan tí ó ya èmi fúnra mi lẹ́nu.

"Mùdá, onírin kan ń sunkún."

"Onírin?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ó jókòó sílẹ̀."

"Ìyẹn ò sí nínú ti ìjọ́sí," ó ní, kì í ṣe ohùn ìtàn ló fi sọ ọ́, ó kàn ń bá ara rẹ̀ sọ ọ́. Ó wá ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, sójà tó kan ilẹ̀kùn wọn nìyẹn. Ó ti darúgbó. Wọ́n bi í pé kí ló dé tó fi lé wọn, kò rántí."

Àlájà ò pariwo. Ó fi ìdí gèlè nu ojú, ó ní, "Kò lè rántí. Àwa la rántí."

Kò pẹ́ sí i, mo gbọ́ tí ẹnì kan gbá fèrèsé ọkọ̀ Mùdá. Ó ní èrò ti pé, òun ní láti gbéra, ìtàn ò tíì tán. Àwọn ìyá ṣàdúrà fún un lẹ́sẹẹsẹ, ó ń ṣe àmín títí ohùn rẹ̀ fi há. Mo mú fóònù, mo lọ dúró lẹ́yìn ilé.

"Mùdá, ọjọ́ yẹn. Ọjọ́ tí mo ní kí o ka ìwé yẹn. Dákun, forí jì mí."

"Ah, ó ti pẹ́." Mo rò pé yóò parí ọ̀rọ̀ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní, "Mo lọ ilé ìwé àgbà níbí, ìwọ náà lo sọ pé kí n lọ. Mo lè kàwé báyìí. Gbogbo ohun tí wọ́n bá kọ sára ọkọ̀ lójú ọ̀nà ni mò ń kà. Ṣùgbọ́n ìlà mẹ́ta yẹn, mi ò rí ohun tó jọ ọ́ rí. Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

Ẹ̀yin àbúrò mi, mo lè parọ́. Ẹnu mi ti là.

"Mi ò mọ̀," ni mo ní. "Mi ò lè kà á nígbà yẹn. Ó yára jù, Òyìnbó mi ò sì tó o. Ọ̀rọ̀ wúrà yẹn, èmi ni mo dá a sọ."

Mo ń gbọ́ ẹ̀rọ ọkọ̀ rẹ̀, mo ń gbọ́ èrò kan tó ń bínú pé kí wọ́n máa lọ.

"Àwa méjèèjì la dá tiwa sọ," ó ní.

"Àwa méjèèjì ni. Ṣùgbọ́n tìrẹ wúlò fún wọn."

Kò rẹ́rìn-ín. Kò sọ pé òun forí jì mí, mi ò sì lè sọ pé ó forí jì mí. Ohun tó sọ ni pé, "Bó bá di ọjọ́ Àìkú, tètè pè mí, kí èrò tó pé." Ó sì lọ.

Ilé sinimá ti di ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta fóònù. Olúkúlùkù ló ń wo tirẹ̀ báyìí pẹ̀lú nǹkan létí, bí ẹnì kan bá rẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀ trotro, ẹ ò ní mọ ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín. Wọ́n ní fún àwọn èèyàn tuntun ni wọ́n ṣe tún fíìmù náà ṣe. Mo rò ó títí, kò yé mi, nítorí Àlájà Sìkírá ni mo rí tó ń wò ó bí ẹni tuntun. Bóyá ohun tí mo ṣe nígbà yẹn ìbá tún burú ju báyìí lọ ká ní mo gbọ́ Òyìnbó lóòótọ́, ìyẹn náà ò yé mi.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, kí n tó gbé tẹlifíṣọ̀n jáde, Àlájà ti jókòó. Àwọn ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti pọ̀ ju ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ, wọ́n ń bi í ní Twi bóyá Abíọ́nà rí ìsọ̀ náà gbà. Ó na fóònù sí mi.

"Ohun tí o bá rí ni kí o sọ fún un," ó ní. "Èyí tó kù, fi sílẹ̀ fún wa."